Àfòpiná Funfun Inú Yàrá Afárá

Eérú ni mo kọ́kọ́ pè é. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ti ń wọ̀, mo ń fọ ìgò lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nǹkan funfun kan bá rọra fò kọjá níwájú mi. Kò dún. Kò sáré. Ó kàn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Ó bà sára ògiri, ó pa ìyẹ́ rẹ̀ dé bí òrùlé ilé kékeré. Mo sún mọ́ ọn. Mo tún yáa sún sẹ́yìn. Ohunkóhun tó bá ti ń fò, èmi kì í fojú kékeré wò ó.

Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi kan, mo nà án sókè.

"Màmá! Ẹ dákun, ẹ má lù ú!"

Ọmọ mi obìnrin ni. Ó sáré jáde láti yàrá afárá, ibi tí a ń kó afárá oyin sí, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ìgò tí mo ti fọ̀, ó fi dé kòkòrò náà mọ́ ògiri, ó ki páálí pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé e wá síwájú mi, mo wá rí i dáadáa. Ó funfun, àmọ́ kì í ṣe funfun aṣọ tuntun. Ó funfun bí òṣùpá tó ṣì kù lójú ọ̀run láàárọ̀. Ara rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pa á.

"Ẹ ò rí i bó ṣe rẹwà?"

"Mo rí i. Gbé e kúrò lójú mi."

Bàbá ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ wa.

"Kí lẹ mú níbẹ̀ yẹn?"

"Àfòpiná ni, Bàbá àgbà," ọmọ mi dáhùn. "Funfun ni. Kò tóbi. Ara ògiri yàrá afárá ló bà sí."

Bàbá dìde dúró. Kì í dìde báyẹn mọ́ fún nǹkan kékeré. "Ojú mi, pa á. Ìsinsìnyí. Ìyẹn kì í ṣe àlejò tí èèyàn ń wò lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ọmọ mi dáhùn.

Ó gbé ìgò náà gba ẹ̀yìn ilé lọ. Èmi rò pé ó lọ pa á ni.

Ó yẹ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dàrú. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Èmi, ọmọ mi yìí àti bàbá ọkọ mi la wà nílé. Oyin ni Bàbá ń sìn láti ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn àpótí oyin náà wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà, lẹ́yìn ilé. Àmọ́ ojú Bàbá ti ń ṣú. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji èèyàn, kò kàn rí ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ọmọ mi ló ń rí i fún un. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Ojú mi. "Ojú mi dà? Ojú mi ò tíì ti ilé ìwé dé ni?" Ohùn Bàbá máa ń dé títì.

Èmi ò wúlò nídìí oyin. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọ ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, oyin kan ta mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ojú mi wú. Àwọn tó wá kí ìyàwó ń wò mí, wọ́n ń bi ọkọ mi pé ìyàwó dà. Láti ọjọ́ náà, inú ilé ni iṣẹ́ mi mọ. Màá sẹ́ oyin, màá rọ ọ́ sígò, màá dé e. Mi ò dé ìsàlẹ̀ ọgbà. Mi ò sì wọ yàrá afárá, nítorí oyin máa ń tẹ̀ lé òórùn wọ ibẹ̀.

Inú yàrá afárá yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tí a bá ti fi ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ yí fún oyin jáde tán, a kì í da afárá nù. Afárá òfìfo la máa ń tọ́jú, nínú férémù onígi rẹ̀, títí òdòdó á fi tún yọ. Nígbà náà a ó dá a padà fáwọn oyin, kí wọ́n má baà máa kọ́ ilé látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá máa ń fi wọ́n kọ́ sára igi gbọọrọ inú yàrá náà, yóò sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Fèrèsé méjì ló dojú kọra níbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá ṣe: láràárọ̀, kí wọ́n ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀ gbayawu.

"Afárá fẹ́ ìmọ́lẹ̀," ó máa ń wí. "Ó fẹ́ atẹ́gùn. Tí o bá ti fún un ní méjèèjì, o ti ṣe tìrẹ."

Èmi náà ní afárá kan. Mo fi kọ́ ojú fèrèsé ilé ìdáná mi, nítorí bí oòrùn àárọ̀ bá gba inú rẹ̀ wọlé, gbogbo ara ògiri á di àwọ̀ oyin, ihò kéékèèké á máa tàn káàkiri. Mo lè dúró níbẹ̀ títí omi orí iná á fi gbẹ. Bàbá máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ wá wo ìyàwó mi o. Afárá ló fi ṣe kọ́tìnnì."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àpótí kan wà tó ń kó ìdààmú bá Bàbá. Àpótí ìdí ọsàn la ń pè é. Òun ni Bàbá kọ́kọ́ ní. Inú rẹ̀ ni ìdílé gbogbo oyin yòókù ti jáde wá. Àárẹ̀ ti mú un. Oyin inú rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Bàbá pe ọmọ mi jókòó.

"Tí ọsàn bá fi máa tanná, tí a bá rí afárá tó dáa fún wọn, wọ́n á yè é. Tí kò bá sí afárá, wọn ò ní lè kọ́ ilé kí wọ́n tún wá oúnjẹ. Wọ́n á kàn ṣí lọ, tàbí kí wọ́n parun síbẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ rẹ. Tí wọ́n bá yè é, ìwọ ni mo fi wọ́n fún."

Mo rí ojú ọmọ mi. Ó tàn bí ìgbà tí èèyàn ṣáná.

Àsìkò kan náà ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní kí olúkúlùkù ọmọ kíláàsì wọn mú ẹ̀dá alààyè kan, kó sìn ín láti ẹyin títí yóò fi dàgbà, kó wá fi han gbogbo ilé ìwé ní ìparí táàmù. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni yóò di olórí ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ aládùúgbò wa. Kò sí ohun tí kì í fi rẹ́rìn-ín. Ó ti kó ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ sínú báàfù. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu géètì wa.

"Ọmọ olóyin, kí nìwọ máa mú wá? Ṣé oyin lo fẹ́ kó wá, kí gbogbo wa wú bíi búrẹ́dì?"

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu."

"Àbí bàbá àgbà ẹ lo fẹ́ gbé wá? Òun náà alààyè ni."

"Ó ti tó! Ohun tí màá mú wá, o ò rí irú ẹ̀ rí láyé ẹ."

Kò pa àfòpiná náà. Ṣé ẹ ti mọ̀. Nínú ìgò yẹn ni àfòpiná náà ti yé ẹyin, ẹyin tó kéré débi pé bí èèyàn bá mí sí i, ó lè gbá a lọ. Ọmọ mi gbé wọn sínú àpótí ṣọ́ọ̀kì onígi tó gbà ní ilé ìwé, ó gé igun afárá kan tó ti gbó sí i fún wọn, ó sì gbé e pamọ́ sí ibi tó móoru tó sì ṣókùnkùn jù nílé wa: abẹ́ pákó, ní kọ̀rọ̀ yàrá afárá.

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀yìn ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí èmi rí nígbà náà ni pé ọmọ mi ń dákẹ́. Yóò jókòó síbi oúnjẹ, ojú rẹ̀ á ti lọ síbòmíràn. Lẹ́ẹ̀kan ó sọ fún mi lójijì pé, "Màmá, ẹ̀dá kan wà tó ń hun yàrá fún ara ẹ̀ bó ṣe ń jẹun lọ. Ó ń jẹ ilé, ó sì ń kọ́ ilé." Mo wò ó. Mo ní ṣé ara rẹ̀ yá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lójú rẹ̀, ẹyin ti di ìdin. Tín-ín-rín ni wọ́n, wọ́n rí bíi wàrà, wọ́n ń gbẹ́ ihò gba inú afárá, wọ́n ń fa òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn ara wọn. Ó ní tó bá gbé etí sún mọ́ àpótí ṣọ́ọ̀kì náà, òun ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé ní ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ń sanra sí i. Ó ń gé afárá kún un. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la.

Ó wá débẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣí àpótí ṣọ́ọ̀kì, kò bá nǹkan kan. Òwú nìkan ló kù, àti ìgbẹ́ wọn bí iyanrìn dúdú. Wọ́n ti jẹ igi náà lu. Wọ́n ti jáde.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ fara balẹ̀ sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà ṣì kéré. Ká ní ó sáré lọ bá Bàbá lórí bẹ́ǹṣì, Bàbá ìbá bú u, a ìbá kó gbogbo afárá sí oòrùn, a ìbá ṣa ìdin wọ̀nyẹn dànù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dìde láti lọ sọ ọ́, òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí Bàbá tó ń yí èso ọsàn kan lọ́wọ́, tó ń fi ìka wò ó. Ó rántí pé Bàbá ní kí òun pa á. Ó rántí Ẹlẹ́rìn-ín. Ó yí padà. Ó ní bóyá wọ́n ti kú.

Wọn ò kú o. Wọ́n pọ̀ sí i. Ìgbà tí àfòpiná funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú yàrá náà ní àṣálẹ́, ẹ̀rù bà á pé wọ́n á gba ojú fèrèsé jáde, èmi á rí wọn, màá pariwo. Ló bá ti fèrèsé méjèèjì pa. Ó ki àkísà bọ gbogbo ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.

Bẹ́ẹ̀ Bàbá ń bi í láràárọ̀, "Ojú mi, ṣé o ti ṣí fèrèsé?"

"Mo ti ṣí i, Bàbá."

Láràárọ̀.

Èmi náà bi í lẹ́ẹ̀kan. Láti ilé ìdáná mi, mo rí i pé fèrèsé tó kọjú sí mi wà ní títì. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í ni, nítorí oyin ń wọlé. Tí èèyàn bá ti dárúkọ oyin fún mi, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ kan. Ìrudi òdòdó funfun ti ń yọ lára ọsàn, wọ́n ṣì dì bí ọwọ́ ìkókó. Bàbá ti ní ọ̀la la ó gbé afárá lọ sí ìdí ọsàn. Mo ń ká aṣọ lórí okùn. Àkísà kan ti jábọ́ lójú fèrèsé yàrá afárá, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ gba ihò ibẹ̀ wọlé bí ọ̀pá wúrà kan. Mi ò mọ ohun tó gbé ẹsẹ̀ mi. Mo lọ, mo yọjú.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Inú yàrá náà ń mí. Àwọn nǹkan funfun ń yí po nínú ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n pọ̀, wọn ò dún rárá, wọ́n ń lọ sókè wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀, bí eérú tí kò fẹ́ balẹ̀. Láàárín wọn ni ọmọ mi dúró sí. Wọ́n bà sí irun rẹ̀. Wọ́n bà sí èjìká rẹ̀. Ó ń sunkún láìlóhùn. Fún ìṣẹ́jú kan mo rò pé oorun ni mò ń sùn, pé tí mo bá pè é, kò ní gbọ́ mi.

Mo pè é.

"Màmá," ó ní. "Mi ò ṣí i."

"O ò ṣí kí ni?"

"Fèrèsé. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti ṣí i."

Mo wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi. Mo fa àkísà yọ, mo ti fèrèsé sí ìta gbàgà. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, àfòpiná wọ̀nyẹn sì sá fún un, wọ́n ń wá kọ̀rọ̀. Nígbà náà la rí afárá. Kò sí afárá. Òwú eléérú ló dì mọ́ inú férémù kọ̀ọ̀kan, bí ilé aláǹtakùn tó ti gbó, ìgbẹ́ dúdú sì so mọ́ ọn. Lára igi, ìdin ti gbẹ́ kòtò tóóró tóóró, wọ́n hun òwú bo ara wọn, wọ́n sùn síbẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ bí ọmọ tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní kan náà.

"Lọ sọ fún Bàbá," mo wí.

"Màmá, ẹ bá mi sọ ọ́."

"Mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Màá bá ọ dúró."

Ó kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì. Ó sọ gbogbo rẹ̀, látorí ìgò dórí àkísà. Bàbá ò dá a dúró. Nígbà tó parí, Bàbá ní kí á mú òun lọ síbẹ̀. Ó nawọ́ sí férémù àkọ́kọ́. Òwú náà lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó fi àtàǹpàkò fọ́ ọ, ó rọra fọ́ ọ títí, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò kó tó rà á.

"Láràárọ̀ ni mo ń bi ọ́," Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Láràárọ̀ lo sì ń dá mi lóhùn."

Ọmọ mi ń ṣa òwú tó jábọ́ sílẹ̀.

"Kòkòrò yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Òun ò ṣẹ̀ mí." Bàbá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpótí kankan mọ́, títí màá fi sọ̀rọ̀."

Ìwọ ọmọ yìí. Kò pè é ní Ojú mi. Mo rí i bó ṣe gún ọmọ náà lára, ó ju kí wọ́n gbá a létí lọ.

Bàbá wá kọjú sí ibi tó gbọ́ mímí mi. "Ìyàwó. Kọ́tìnnì rẹ ń kọ́?"

"Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

"Afárá ojú fèrèsé rẹ. Ṣé kòkòrò ò tíì dé ibẹ̀?"

Mo sáré lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀. Oòrùn tó kù nílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan mọ́ tónítóní, kò sí òwú kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ní kí n gbé e lọ sí ìdí ọsàn.

"Èmi kẹ̀?"

"Èmi ò ríran. Òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ta ló kù? Ṣé ká ránṣẹ́ sí awakọ̀ ni?"

Wọ́n wọ aṣọ fún mi bí ẹni tó ń lọ sójú ogun: ìbọ̀wọ́, àwọ̀n ojú, bàtà òjò ọkọ mi. Bàbá di agolo èéfín tó ń mú kí oyin rọlẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kó má baà ṣèèṣì nà án. Mo ṣí ìdérí. Ìró kíkùn wọn jáde kò mí lójú. Mo pa ojú dé.

"Kí lo rí?" Bàbá bi mí.

Mo fẹ́ sọ pé ó dáa. Ó wà lẹ́nu mi. Ẹ̀rù ń bà mí, mo fẹ́ dé àpótí náà kí n sá lọ. Mo wá wo ojú Bàbá tó ń wo ibi tí mi ò sí. Mo la ojú mi.

"Wọn ò pọ̀, Bàbá. Wọ́n kóra jọ sáàárín. Òwú ti wà ní igun kan, àfòpiná kan sì wà níbẹ̀."

"Ó ti wọ ibí náà. Ṣa á kúrò. Ìyá oyin ń kọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ohùn ọmọ mi wá láti ọ̀ọ́kán. "Màmá, ó gùn ju àwọn yòókù lọ. Kì í sáré. Àwọn tó kù máa ń yí i ká bí ẹni tó ń kí i."

Mo wò títí. "Mo rí i! Bàbá, mo rí i, ó wà láàyè!"

"Má pariwo sí i létí," Bàbá wí, àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mo ṣa ìdin, mo fa òwú yọ, mo ti afárá ilé ìdáná mi bọ̀ ọ́ láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ọ̀kan gun orí rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń ti orí bọ ihò kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ yàrá tó fẹ́ háyà wò. Oyin kan ta mí ní ọrùn ọwọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí a fi délé.

Wọ́n yè é. Afárá kan ò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ; wọ́n yè é, wọn ò sì kúrò. Àmọ́ a ò rí oyin rọ sígò lọ́dún náà. Àwọn àpótí yòókù ń kọ́ ilé tuntun ní gbogbo àsìkò òdòdó, nítorí a ò rí afárá fún wọn. Ìgò mi dojú dé lórí pẹpẹ, eruku bò wọ́n. Ọmọ mi ló sun férémù tó bàjẹ́, òun ló fi omi gbígbóná fọ yàrá náà kanlẹ̀.

Kó tó sun wọ́n, ó ti tọrọ ìdin kan ṣoṣo lọ́wọ́ Bàbá, ọ̀kan nínú àwọn tó sùn sínú òwú. Bàbá ní kó sìn ín nínú ìgò onídèérí irin, lójú gbogbo wa, lórí tábìlì ìdáná. Ìrọ̀lẹ́ kan àfòpiná jáde látinú òwú náà, ó tú ìyẹ́ rẹ̀ bí ìwé tí wọ́n ká. Èmi àti ọmọ mi jókòó tì í. Kò fẹnu kan oyin tí a fi síbẹ̀.

"Kò lẹ́nu tó lè fi jẹun, Màmá," ó ní jẹ́jẹ́. "Gbogbo ohun tó máa lò láyé ẹ̀, ìgbà tó wà ní kékeré ló ti jẹ ẹ́."

Ó gbé e lọ sílé ìwé lọ́jọ́ ìfihàn, ní ìparí táàmù. Ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó sọ bó ṣe ń dàgbà, ó sì sọ ohun tó fi bọ́ ọ: afárá bàbá rẹ̀ àgbà, àti irọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín náà ló di olórí ẹgbẹ́, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ ti ń fò káàkiri inú gbọ̀ngàn lásìkò náà, olùkọ́ kan sì ti gun àga.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí Bàbá tó sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi ń retí. Àárọ̀ kan ni, mo ń da omi sínú kẹ́tùlù. Oòrùn ń gba inú afárá tuntun kan wọlé sílé ìdáná mi, èyí tí oyin ìdí ọsàn fúnra wọn kọ́. Mo gbọ́ ohùn Bàbá lórí bẹ́ǹṣì.

"Ojú mi dà?"

Ọmọ mi dúró gbagidi, síbí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ojú mi, ṣé fèrèsé wà ní ṣíṣí?"

Ó ti ṣí i kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo rí i nígbà tó ń ṣí i. Àmọ́ kò dáhùn pé ó ti ṣí i. Ó gbé síbí sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó, Bàbá."

Ó lọ, ó wò ó, ó padà wá, ó sì sọ ohun tó rí.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ẹ̀rù máa ń ba gbogbo wa, èmi mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kékeré kò ba ilé wa jẹ́. Fèrèsé tí ọmọ mi tì kí a má baà rí àṣìṣe náà ló bà á jẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè ṣí i sí ìta, lójú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín, nígbà tó ṣì kéré bí ìdin.